Ọ̀dà Ẹ̀yìn Òkúta

Èmi ni mo ṣe alárinà ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹnu nìkan ni alárinà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí òkè. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ, àti dígí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, àti àga tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo bá wá ṣòfófó. Jẹ́jẹ́ kì í sáré, kì í pariwo. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì mú obìnrin wálé rí. Bí mo bá bi í, á ní, "Àǹtí, a kì í fi ìkánjú gé aṣọ." Èmi náà á ní kó má gbàgbé pé aṣọ tí a ò gé rárá, kòkòrò ló máa jẹ ẹ́.

Òkè tí mo dárúkọ yẹn gùn gan-an. Ó na ẹ̀yìn gbọọrọ lọ síbi tí ojú ò ká mọ́, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì gba orí rẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá rìn ín. Wọ́n á gbé àpò sẹ́yìn, wọ́n á máa rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á sì máa sùn sí àwọn ahéré tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà fún wọn. Ẹ má bi mí pé kí ni wọ́n ń wá. Èmi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ilé mi, kí ni mo mọ̀? Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè rin ọ̀nà yẹn láìsí àmì. Kùrukùru máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó jọ ọ̀nà gidi sì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń tọ́jú ọ̀nà náà fi gba ẹnì kan tó ń fi ọ̀dà yẹ́lò sára òkúta kí arìnrìn-àjò lè máa tẹ̀ lé e. Obìnrin ni ẹni náà. Ọlọ́dà là ń pè é.

Ṣòkòtò ló gbé Ọlọ́dà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ ti òkúta lójoojúmọ́, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ò lè pẹ́ kó tó lu. Ó tẹ́ ṣòkòtò náà sórí tábìlì, ọ̀dà ti gan mọ́ ọn lára.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi lẹ orúnkún ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó lágbára o, mo máa ń kúnlẹ̀ gan-an."

"Ta lẹ ń kúnlẹ̀ fún?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Òkúta ni."

"Òkúta ń jayé o," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Mo gbójú sókè níbi tí mo jókòó sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, n ò gbọ́ kó dá irú àpárá bẹ́ẹ̀ fún obìnrin rí. Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, ó tẹjú mọ́lẹ̀ kíá, ó wá ń wá ṣọ́ọ̀kì tó mú dání lọ́wọ́ ara rẹ̀ káàkiri orí tábìlì. Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀kì náà fún un.

Nígbà tó padà wá gba ṣòkòtò, iṣẹ́ ò tíì parí. Jẹ́jẹ́ tí kì í yẹ àdéhùn sọ pé òwú tó bá a mu ò tíì dé, bẹ́ẹ̀ agolo kún fún òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo agolo, ó wo ọmọ rẹ̀. Títí òjò fi dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, ṣòkòtò kan náà ń lọ ó ń bọ̀, ó ti di àlẹ̀mọ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tó yá, Ọlọ́dà gbé òmíràn wá. Mo wo orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, mo wo tòsì, kò sí ohun tó ṣe é.

"Kí ló ṣe èyí?" Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ẹ bá mi wò ó dáadáa."

"Ó máa pẹ́ díẹ̀ o."

"Kò séwu. Mo lè jókòó dè é."

Mo dìde lórí àga mi, mo fi fún un. Bí alárinà ò bá mọ ìgbà tó yẹ kó dìde, iṣẹ́ wo ló wá mọ̀?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Jẹ́jẹ́ wá bá mi nílé. Ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò nu ibi tó mọ́ tónítóní lórí tábìlì mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi bá Màámi sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ò lẹ́nu ni?"

"Mo lẹ́nu. Màámi ni ò ní etí fún un."

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí, tó bá wà lórí òkè, mi ò kì í mọ ohun tí mò ń rán. Lánàá, mo ran apá ẹ̀wù mọ́ ojú àpò."

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ àánú rẹ̀ tún ṣe mí. Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà á. Kò sí bó ṣe lè fẹ́ obìnrin tí ìyá rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn, ó sì nídìí.

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Jẹ́jẹ́ ṣì ń rákò, ọkùnrin náà jáde, ó ní òun ń lọ òun ń bọ̀. Kò kú, kò sì sọnù. Ó kàn rí ilé mìíràn níwájú lọ́hùn-ún, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ, kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún un pé òun ń bọ̀, ì báà jẹ́ oníbàárà tó fẹ́ lọ ṣẹ́ owó, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ìgbà tí mo bá rí ẹ."

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́dà kalẹ̀, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Èwo nínú wọn? Èyí tó ń rìn lórí òkè bí ewúrẹ́ tí ò lólúwa?"

"Ọmọ dáadáa ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọ̀wọ̀, ó ń ṣiṣẹ́."

"N ò sọ pé kò dáa. Ọ̀nà ni mò ń sọ. Ìwọ náà mọ ohun tí ọ̀nà fojú mi rí. Á fẹ́ ọmọ mi tán, á fi í sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní kó máa wojú ọ̀nà. Mo ti wo ọ̀nà tó fún àwa méjèèjì. Jẹ́ kó lọ sinmi."

Mo lọ bá Ọlọ́dà, mo là á mọ́lẹ̀ fún un bó ṣe rí, nítorí mi ò kì í bomi la ọ̀rọ̀. Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́.

"Wọn ò jẹ̀bi, Àǹtí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá mi rìn ín."

"Rin kí ni?"

"Ọ̀nà yẹn. Kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tí mo máa ń lọ."

Bí àwàdà ni mo ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ó ta kókó sí ìdí rẹ̀.

"Màá lọ. Ìrìn àjò la fi ń mọ ìwà èèyàn. Àmọ́ bí a bá rìn ín tán tí ọkàn mi ò gbà á, kí Jẹ́jẹ́ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí mọ́. Ìwọ náà ń bá wa lọ."

"Èmi kẹ̀? Pẹ̀lú ara mi yìí?"

"Ìwọ lo gbé ẹnu wá. Wá gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e."

Láàárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fa ṣòkòtò kan yọ fún Ọlọ́dà, ó ti fi fóòmù sí orúnkún rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó wá bò ó dáadáa.

"Rọra o," ló wí.

"Màmá ẹ ni kó o sọ ọ́ fún."

"Àwọn náà kí wọ́n rọra. Orúnkún ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń gòkè."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáájú. Ó gbọ́, àmọ́ kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ti ìrìn ọjọ́ kìíní, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, ó nàró ṣánṣán, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo wà láàárín, mò ń ráhùn. Ọlọ́dà wà lẹ́yìn, ó ru ẹrù àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tún ń dúró síbi òkúta tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí láti tún un kùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ilé àti títì wà nísàlẹ̀ wéréwéré bí bọ́tìnnì tó dà sílẹ̀. Nígbà tí a dé ahéré, Ọlọ́dà dáná, ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lè fi jó orúnkún.

"Ṣé o mọ oúnjẹ sè?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Mo mọ èyí tí ò ní pa yín, Mà."

Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ yìí á lójú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú kùrukùru. A rìn títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí méjì. Ọ̀dà yẹ́lò wà lára òkúta ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, wọ́n so já aṣọ búlúù kan mọ́ igi kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ náà, ó yẹ etí rẹ̀ wò. Wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀ yípo, wọ́n sì fi ọwọ́ rán an tán wínníwínní.

"Ọmọ mi ló rán èyí."

Òótọ́ ni. Ta ni ì bá tún ṣẹ́ etí já aṣọ tó fẹ́ so mọ́ igi inú igbó? Jẹ́jẹ́ nìkan náà ni. Ibi tó ti gba dé ibẹ̀ ló ń yà wá lẹ́nu.

"Mà, apá ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀nà," Ọlọ́dà sọ jẹ́jẹ́. "Ewúrẹ́ ló ń gbabẹ̀. Ọ̀dà ló yẹ ká tẹ̀ lé."

"Ọ̀dà tìẹ ni, aṣọ ti ọmọ mi ni. Èwo lo fẹ́ kí n tẹ̀ lé?"

Bí ọmọbìnrin yìí bá ta kú, ó lè borí, àmọ́ ó ti pàdánù ìyá ọkọ nìyẹn. Bó bá sì gbà, kùrukùru yìí lè gbé wa mì. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, n ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó sọ.

"Ẹ máa lọ níwájú, Mà," ló wí. "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Bí a ṣe ń tẹ̀ lé aṣọ búlúù láti igi dé igi nìyẹn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ọlọ́dà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti òkúta kan. Mo rò pé ó ń sunkún ni, mo bá gbójú kúrò kí ojú má baà tì í. Mo tún wẹ̀yìn, ó tún ti dúró sí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi náà kíyè sí i.

"Ẹsẹ̀ ẹ ti wá wúwo lónìí. Ṣebí orí òkè lo ń gbé."

"Ẹ má bínú, Mà. Mò ń bọ̀."

"Ìgbà tí mo bá rí ẹ," ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì ń lọ.

Aṣọ tán. Ọ̀nà náà tán síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí òkúta wẹ́wẹ́ dà sí, tí n ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lórí àpáta kan níbẹ̀, ẹnì kan jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ tó kù.

"Màámi, ẹ káàbọ̀," Jẹ́jẹ́ wí, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló wà.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo ní kí ọ̀nà rọrùn fún orúnkún yín ni. Mo wo máàpù, ó kúrú gba ibí. Mo gun alùpùpù gba ìsàlẹ̀, mo wá gòkè ṣáájú yín."

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo tì í."

"Ibo la wà báyìí?"

"N ò mọ̀, Màámi."

Ẹ ò rí nǹkan. Aránṣọ ni, ó rò pé bí wọ́n ṣe ya òkè sórí ìwé náà ló ṣe tẹ́ lórí ilẹ̀, bí aṣọ tí a tẹ́ sórí tábìlì kí a tó gé e. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà láti wo aṣọ tí a tẹ̀ lé wá. Búlúù náà ti mu omi kùrukùru, kò yàtọ̀ sí ewé mọ́. Ibi gbogbo funfun bákan náà. Ó dì mọ́ ọwọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù bà á, nítorí láti kékeré, kì í di ọwọ́ mi mú lásán.

"A ti sọnù," ló wí fún mi wẹ́rẹ́.

Ọlọ́dà ti kúnlẹ̀ ti Jẹ́jẹ́. Ó gba já aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O tún ń ṣẹ́ etí ẹ̀."

"Kó má baà tú."

"Ta ló máa wo etí aṣọ nínú igbó?"

"Ìwọ."

Ó fún ìdè náà le ju bó ṣe yẹ lọ, Jẹ́jẹ́ sì fara dà á. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́dà dìde, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"A ò sọnù, Mà. Ẹ wo ẹ̀yìn òkúta tí a kọjá yẹn."

A wò ó. Ọ̀dà yẹ́lò wà lára rẹ̀, ó kọjú sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí òmíràn nínú kùrukùru, àti òmíràn tó tún tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kò tíì gbẹ.

"Ìgbà wo lo kùn ún?"

"Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wúwo, Mà."

"O mọ̀ pé ibi tí à ń lọ ò dáa, o sì tẹ̀ lé mi."

"Mi ò lè bá yín jà, mi ò sì lè fi yín sílẹ̀. Mo ní bó pẹ́ bó yá, ẹ ṣáà máa fẹ́ padà sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò bí ẹni pé ó ń sọ ọ́ sókè. Láti ìgbà tí akẹ́rù yẹn ti lọ, kò sí ohun tó fẹ́ ju kí ẹni tó ń lọ ro ti àtibọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nù ún, ọ̀dà yẹ́lò bá kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì sí ẹni tó ní ìgboyà láti sọ fún un.

A padà. Jẹ́jẹ́ fi apá kan kọ́ Ọlọ́dà lọ́rùn, ó fi èkejì kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣáájú, ó ń tọ́ka sí òkúta kọ̀ọ̀kan, "Ọ̀kan rèé, òmíràn rèé," bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé oríta, mo ní ṣé kò yẹ ká ha ọ̀dà wọ̀nyẹn kúrò, kó má baà ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí," Ọlọ́dà wí. "Ẹni tó ń lọ ò lè rí i. Ẹni tó ti ṣìnà tó ń bọ̀ nìkan ló máa rí i."

Ní oríta gan-an, àpáta kan wà tó ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ gbà á, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Ìyàwó mi," ló wí, "wá mú mi lọ́wọ́."

Jẹ́jẹ́ gbàgbé ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó wú tẹlẹ̀ gbàgà, ó ké. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ọlọ́dà ti fi í sílẹ̀ fún mi, ó ti lọ mú ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí n dán ẹ̀gbọ́n mi wò. "Ṣebí ẹ ní àfi tí a bá rin ọ̀nà yẹn tán. A ò rìn ín tán o."

"Ta ló sọ fún ẹ pé n ò tíì rìn ín tán?" ló dá mi lóhùn.

Wọ́n ti gbé ara wọn níyàwó. Ọlọ́dà ṣì ń gun òkè, kò sẹ́ni tó ní kó má gùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń lẹ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ báyìí. Ó ní Jẹ́jẹ́ máa ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Mo wà lórí àga mi láàárọ̀ àná nígbà tí Ọlọ́dà gbé àpò sẹ́yìn, tó kí ọkọ rẹ̀ níbi tábìlì, tó sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Mà, mò ń lọ, mò ń bọ̀."

Mo ń retí èsì tí mo ti mọ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú kúrò lára aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Mo mọ̀, ìyàwó mi," ló wí.